Ogún Naunakhte: bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ ṣe yọ àwọn ọmọ rẹ̀ kan nínú ogún ní Íjíbítì àtijọ́

Ní ọdún kẹta ìjọba Ramesses Karùn-ún ní Íjíbítì, nǹkan bí ọdún 1145 ṣáájú ìbí Kristi, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Naunakhte lọ síwájú ìgbìmọ̀ abúlé rẹ̀ láti sọ bí wọn yóò ṣe pín ohun ìní rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin àsìkò ìkún omi ni. Ọkùnrin mẹ́rìnlá ló jókòó gbọ́ ọ. Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá yìí ní, kò sì fẹ́ kí gbogbo wọn jogún òun. Akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí pápírọ́sì, ìwé náà sì ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford, nọ́ńbà 1945.97. Jaroslav Černý, onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́, ló tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1945, pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin ní Íjíbítì àtijọ́, Nefertiti, Hatshepsut àti Cleopatra ni ẹnu máa ń yà sí. Ayaba ni wọ́n. Ìgbé ayé ìyàwó òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí a wò kí a tó lè mọ ipò tí obìnrin wà ní ìlú, ẹjọ́ Naunakhte sì ni a rò pé ó fi í hàn jù. Ẹ̀tọ́ tí ó ní ní ààlà tí a lè wọ̀n: ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó jọ, àti ohun tó ti ilé bàbá rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ ọkọ àkọ́fẹ́ bọ̀. Nínú ààlà yẹn, kò sí ọkùnrin tó lè pàṣẹ fún un. Bó bá ti kọjá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀

Deir el-Medina ni à ń pe abúlé náà lónìí. Ó wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Náílì, ní òdìkejì ìlú Luxor. Iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ni láti gbẹ́ ibojì àwọn ọba sínú àpáta ní Àfonífojì Àwọn Ọba, kí wọ́n sì fi àwòrán ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ilé tó wà nínú odi abúlé náà tó bíi 68, wọ́n fara kan ara wọn, ojú pópó tóóró kan ló la àárín wọn kọjá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń gbé omi wá láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọ̀sẹ̀ wọn. Nígbà iṣẹ́, àwọn ọkùnrin a máa sùn sínú ahéré olókùúta lórí òkè, wọn a sì sọ̀kalẹ̀ wálé nígbà ìsinmi. Àwọn obìnrin ló ń ṣe àkóso abúlé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ń lọ ọkà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì àti ọtí, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ń tà á.

Ìjọba ló ń bọ́ abúlé yìí. Òṣìṣẹ́ kan ń gba àpò àlìkámà mẹ́rin àti àpò báálì kan àtààbọ̀ lóṣù. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n a sì fi báálì pọn ọtí. Àpò kan, tí wọ́n ń pè ní khar, gba nǹkan bí lítà 76 sí 77. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan nínú rẹ̀ ni oipe, tó jẹ́ bíi lítà 19. Hin ni wọ́n fi ń wọn òróró, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ lítà. Kò sí owó ẹyọ rárá. Ìwọ̀n bàbà ni wọ́n fi ń sọ iye ọjà: deben kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 91.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìwé Naunakhte gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ bàbà yìí sọ́kàn. Abọ́ ìfọwọ́ tí a fi bàbà tàbí idẹ ṣe kì í ṣe ohun èlò ilé lásán. Ibẹ̀ ni ìdílé ń tọ́jú ọrọ̀ sí, nítorí kòkòrò kì í jẹ ẹ́ bí ọkà, kì í gbó bí aṣọ, bí ìyàn bá sì mú, wọn a gbé e lọ pààrọ̀ fún oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ìkòkò, agbada àti irinṣẹ́ fi gba àyè púpọ̀ nínú ìwé ogún obìnrin yìí.

Ọkọ méjì, ọmọ mẹ́jọ

Ọkọ tí Naunakhte kọ́kọ́ fẹ́ ni Qenherkhepshef, akọ̀wé ibojì ọba, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn ńlá abúlé náà. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ayé Ramesses Kejì, ó sì ń ṣe é títí di ìgbà ọba Siptah, nǹkan bí ọdún 1190 ṣáájú ìbí Kristi. Àgbàlagbà ni nígbà tó fẹ́ Naunakhte, ọmọdébìnrin sì ni ìyàwó yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìwé. Ìwé ìtumọ̀ àlá kan tó jẹ́ tirẹ̀ wà ní British Museum, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ewì ogun Kadesh, tí Ramesses Kejì jà, kọ sí. Ìkọ̀wé rẹ̀ burú débi pé àwọn onímọ̀ máa ń fi ìburú yẹn dá a mọ̀. Orúkọ rẹ̀ kò mọ́ délẹ̀délẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀sùn kan láti abúlé náà sọ pé ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ Paneb, olórí òṣìṣẹ́ tí ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀.

Qenherkhepshef kú láìsí ọmọ kankan láti ọ̀dọ̀ Naunakhte tí ìwé sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. A kò rí àṣà opó ṣíṣú nínú ìwé àwọn ará Íjíbítì. Opó yìí tún ọkọ fẹ́, ó gbé ogún ọkọ àkọ́fẹ́ dání lọ, ogún náà kò sì di ti ọkọ tuntun. Khaemnun ni ọkọ kejì yìí, òṣìṣẹ́ lásán ni, kì í ṣe akọ̀wé. Òun ló bí àwọn ọmọ mẹ́jọ náà fún un: ọkùnrin mẹ́rin, Maaynakhtef, Qenherkhepshef, Amennakht àti Neferhotep, obìnrin mẹ́rin, Wosnakhte, Manenakhte, Henshene àti Khatanub. Orúkọ ọkọ àkọ́fẹ́ ni wọ́n sọ ọmọkùnrin kejì. Khaemnun fara mọ́ ọn pé kí ọmọ òun máa jẹ́ orúkọ ọkùnrin tó ti fẹ́ ìyàwó òun ṣáájú òun, èyí sì fi irú iyì tí orúkọ akọ̀wé náà ṣì ní nínú ilé yẹn hàn.

Nígbà tí ìyá yìí dé iwájú ìgbìmọ̀, ó ti lé dáadáa ní ọgọ́ta ọdún. Khaemnun ṣì wà láàyè.

Ohun tó jẹ́ tirẹ̀, àti ohun tí kì í ṣe tirẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ohun ìní rẹ̀ gbà wá, ìwé náà sì ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ogún bàbá rẹ̀, tí ilé ìkó-nǹkan-sí kan wà nínú rẹ̀. Èkejì ni gbogbo ohun tí akọ̀wé Qenherkhepshef fi sílẹ̀, títí kan ohun tí kò ṣe é gbé kúrò lójú kan. Ẹ̀kẹta ni ìpín rẹ̀ nínú ohun tí òun àti Khaemnun jọ kó jọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn.

Lórí ẹ̀kẹta yìí, òfin Íjíbítì ti là á sílẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ọkọ ni, ìdá kan ti ìyàwó. Bí ìgbéyàwó bá tú, ìlànà yìí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì kú, òun náà ni. Ohun tí obìnrin bá gbé wá láti ilé rẹ̀ kò sí nínú pínpín náà rárá, tirẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Nítorí náà, Naunakhte lè sọ pé kí Neferhotep má ṣe fọwọ́ kan ìdá kan òun. Kò lè sọ irú rẹ̀ nípa ìdá méjì Khaemnun, kò sì gbìyànjú rẹ̀. Ó sọ ọ́ kedere nínú ìwé náà pé ní ti ohun ìní bàbá wọn, gbogbo ọmọ mẹ́jọ ni yóò pín in ní ìpín kan náà.

Àwọn kan ka ìwé yìí, wọ́n ní ìyá lé ọmọ jáde kúrò nínú ìdílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yọ ṣì jẹ́ ọmọ, wọ́n ṣì ní ogún. Ohun tí wọ́n pàdánù ni ti ìyá nìkan, ti ìyá yìí sì pọ̀, nítorí ogún akọ̀wé àti ogún bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tó sọ

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kò gùn. Ó ní: "Ní tèmi, obìnrin tí kì í ṣe ẹrú ni mí ní ilẹ̀ Fáráò. Mo tọ́ àwọn ìránṣẹ́ yín mẹ́jọ wọ̀nyí dàgbà, mo sì fi gbogbo ohun tí a máa ń fún irú wọn gbé ilé kalẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mo ti darúgbó, ẹ sì wò ó, wọn kò tọ́jú mi ní tiwọn. Èyí tó bá fi ọwọ́ sí ọwọ́ mi nínú wọn, òun ni n ó fún ní ohun ìní mi. Èyí tí kò bá fún mi ní nǹkan, n kò ní fún un nínú ohun ìní mi."

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ sọ ẹni tí ó jẹ́: òmìnira ni, nítorí náà ó lágbára láti fi ohun ìní rẹ̀ fún ẹni tó wù ú. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ pé òun ti san gbèsè òbí. Òbí tí kò gbé ilé kalẹ̀ fún ọmọ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró bó bá fẹ́ yọ ọ́ nínú ogún, torí ọmọ náà lè dáhùn pé ìyá ló kọ́kọ́ jẹ òun ní gbèsè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ó sì fi ìlànà tí yóò fi pín in parí rẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń wí nígbà tó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ni ìyá yìí sọ di ọ̀rọ̀ òfin tó ní ìjìyà nínú.

Ó ṣe pàtàkì pé kò tọrọ àṣẹ. Ìgbìmọ̀ kò dìbò, wọn kò sì bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Kò sí alágbàtọ́ ọkùnrin tó bá a sọ̀rọ̀. Khaemnun kò sí lára àwọn mẹ́rìnlá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé.

Bó ṣe pín in

Maaynakhtef, Qenherkhepshef, Amennakht àti Wosnakhte ni ó gbà wọlé ní kíkún. Wosnakhte obìnrin bá àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta dọ́gba, kò sí pé ti ọkùnrin pọ̀ ju tirẹ̀, kò sì sí àkànṣe fún àkọ́bí. Qenherkhepshef nìkan ló ní àfikún: abọ́ ìfọwọ́ onídẹ kan tí ìyá rẹ̀ fún un lórí ìpín rẹ̀, iye rẹ̀ sì jẹ́ àpò àlìkámà mẹ́wàá. Bí a bá fi owó iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, àlìkámà tí òṣìṣẹ́ ń gbà fún oṣù méjì àtààbọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré, ó sì jọ pé ọmọ yìí ló ṣe jù nínú ìtọ́jú ìyá rẹ̀.

Neferhotep, Henshene àti Khatanub ni ó yọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìdá kan ìyá wọn, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun ìní akọ̀wé Qenherkhepshef, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dé ibi ilé ìkó-nǹkan-sí bàbá rẹ̀.

Manenakhte ló ṣòro. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àtòkọ àwọn tó gbà wọlé, ó tún wà nínú ti àwọn tó yọ. Ìyá rẹ̀ ní yóò bá wọn pín, àfi oipe àlìkámà àti hin òróró tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta àti Wosnakhte fún òun. Ọmọ tí kò bá wọn mú ọkà wá kò lè bá wọn pín ọkà yẹn. A rí i níbí pé ìyá yìí kò kàn bínú ní gbogbogbò. Ó ti ṣírò ẹni tó mú kí ni wá, ó sì mọ iye rẹ̀, ọmọ tó sì wà láàárín, àárín náà ló fi í sí.

Ẹni tó bá ka àtòkọ náà yóò rí i pé ọkùnrin mẹ́ta nínú mẹ́rin ló wọlé ní kíkún, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin kan péré nínú mẹ́rin ló wọlé bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé ìyá fẹ́ràn ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Àlàyé tó ṣeé ṣe jù lójú tiwa ni pé ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ ni àwọn ọmọkùnrin wà, ìjọba ń wọn ọkà fún wọn lóṣooṣù. Ọmọbìnrin kò ní ìpín ọkà tirẹ̀. Nínú ti ọkọ rẹ̀ ni yóò ti mú wá fún ìyá, bí ọkọ bá gbà. Ìlànà tí kò wo akọ tàbí abo lè tẹ obìnrin ju ọkùnrin lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fẹ́ ẹ láburú.

Ìṣirò ohun tó ti fún ọmọ ṣáájú tún wà níbẹ̀. Ó ti fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìkòkò bàbà ńlá kan kí ó fi ra oúnjẹ, pẹ̀lú àwọn ohun èlò bàbà mìíràn tó jẹ́ deben 7, deben 7 àti deben 6. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ deben 40, bíi kílógíráàmù mẹ́ta àtààbọ̀ bàbà ó lé díẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n kà á sí ìpín rẹ̀: bàbà tó bá kù, ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni. Bí kò bá kọ ìyẹn sílẹ̀, ọmọ náà yóò jẹun lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò kan, ìjà ilé a sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú kí ìwé náà dúró

Láìsí ìwé, gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ni yóò jogún ìyá wọn lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá fẹ́ yí èyí padà gbọ́dọ̀ ṣe é ní gbangba, nígbà ayé rẹ̀, kí ó sì ṣe é dáadáa. Naunakhte kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ó dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ibi tí ohun ìní kọ̀ọ̀kan ti wá. Ó sọ iye ohun tó fi ṣe àfikún. Ó ṣírò ohun tó ti fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó sì sọ ibi tí àṣẹ tirẹ̀ parí sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fi ọwọ́ kan ti bàbá wọn.

Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Olórí òṣìṣẹ́ méjèèjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, ló wà níbẹ̀: Nakhtemmut àti Inherkhau. Àwọn akọ̀wé, àwọn tó ń ya àwòrán ibojì, òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá ìjọba ló kù. Amennakht, akọ̀wé ibojì, ló kọ ọ́. (Ẹ má ṣi í mú fún ọmọ Naunakhte tó ń jẹ́ Amennakht, orúkọ yìí wọ́pọ̀ ní abúlé náà.) Ọwọ́ akọ̀wé yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó kọ ìtàn ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n Ramesses Kẹta, ìwé tó wà ní Turin.

Ìgbìmọ̀ abúlé kò ní adájọ́ tó fi ìdájọ́ ṣe iṣẹ́. Aládùúgbò ni gbogbo wọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọ́n mọ ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá àgbà àti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èké kò lè rọrùn. Ewu rẹ̀ ni pé aládùúgbò lè yí ọkàn padà, ẹlẹ́rìí sì lè kú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kò fi parí lọ́jọ́ náà. Ní ọdún kẹrin ọba náà, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ìkún omi, Khaemnun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tún padà wá síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ìwé tí Naunakhte kọ nípa ohun ìní rẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, àti pé Neferhotep kò ní bá wọn pín. Ìbúra tẹ̀ lé e: ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láti tún un jà yóò gba pàṣán ọgọ́rùn-ún, yóò sì pàdánù ohun ìní rẹ̀. Àfikún yìí wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Pé wọ́n dárúkọ Neferhotep nìkan fi hàn pé òun ni wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò jà.

Khaemnun náà ṣe ìwé tirẹ̀. Ó fún ọmọ rẹ̀ Qenherkhepshef ní abọ́ ìfọwọ́ kan tó jẹ́ deben bàbà 13, ó ní kí ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kankan má ṣe bá a du ú, ọmọ náà sì búra láti máa fún bàbá rẹ̀ ní ọkà. Àwọn ìwé tó kù jẹ́ àtòkọ ohun èlò ilé tí wọ́n pín, irú bí ọlọ, odó àti àpótí.

Ìdí tí ìtọ́jú fi dá wàhálà sílẹ̀

A kò gbọ́dọ̀ ka àwọn ọmọ tó yọ sí ọmọ burúkú lásán. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n Ramesses Kẹta kò ju bí ọdún 12 ṣáájú ìwé yìí lọ. Ọjọ́ 18 ti kọjá nínú oṣù, ọkà kò tíì dé, àwọn òṣìṣẹ́ fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn àwọn tẹ́ḿpìlì, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Owó iṣẹ́ kò tún dúró ṣinṣin bíi ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, iye ọkà sì ń gòkè. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún opó tàbí ìyá arúgbó tó lè tó jẹ. Ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì, oipe ọkà sì wúwo lọ́wọ́ ẹni tí ọkà tirẹ̀ kò tètè dé.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin kan rí i mú wá nínú àkókò kan náà, ìyẹn sì ni ìyá wò. Nínú ẹjọ́ mìíràn tí pápírọ́sì rẹ̀ wà ní Cairo, ẹnìkan tọ́ka sí òfin Fáráò pé ẹni tó bá sin òkú ni kí a fi ohun ìní fún, nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí tí kò ṣe nǹkan kan níbi ìsìnkú ìyá wọn wá ń bèèrè ìpín. Àwọn ará Íjíbítì ti so ogún mọ́ iṣẹ́ tí ọmọ ṣe tipẹ́. Ohun tí Naunakhte ṣe ni pé kò dúró de ọjọ́ ìsìnkú.

Ibi tí ẹ̀tọ́ náà mọ

Gbogbo àwọn mẹ́rìnlá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin. Obìnrin kì í sábà jókòó nínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe akọ̀wé ibojì, ìjọba kì í sì í wọn ọkà fún un gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Níwájú òfin, ó jẹ́ ènìyàn odindi: ó lè ra, ó lè tà, ó lè pe ẹjọ́, ó lè jẹ́rìí. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀.

Òfin tó gbà á ní ènìyàn odindi tún lè dá a lẹ́bi. Ní ọdún kẹfà Seti Kejì, ní abúlé kan náà, òṣìṣẹ́ Nebnefer fi ẹ̀sùn kan obìnrin tó ń jẹ́ Herya pé ó jí irin ìgbẹ́kùúta òun. Obìnrin mìíràn ló tú àṣírí náà. Herya búra pé òun kò jí i. Wọ́n rán ènìyàn lọ wo ilé rẹ̀, wọ́n bá irin náà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò òrìṣà Amun. Kò sẹ́ni tó pe ọkọ rẹ̀ wá dáhùn fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló búra, òun ni ìgbìmọ̀ pè ní èké tí ikú tọ́ sí.

Nígbà tí àwọn Gíríìkì wá ń jọba Íjíbítì lẹ́yìn Alexander, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Obìnrin tó bá ṣe àdéhùn lábẹ́ òfin Gíríìkì gbọ́dọ̀ ní kyrios, ọkùnrin tó dúró fún un. Bí obìnrin bá lọ bá akọ̀wé tó ń fi èdè Íjíbítì kọ̀wé, kò nílò ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tó lè sọ gbólóhùn tí Naunakhte fi bẹ̀rẹ̀, pé òun kì í ṣe ẹrú. Ìwé mìíràn wà ní Ashmolean, nọ́ńbà 1945.96, láti ayé Ramesses Kọkànlá. Nebnefer mìíràn, ọ̀gá ilé ẹṣin, kò bí ọmọ, ó sì fi ìyàwó rẹ̀ Nanefer ṣe ọmọ kí ó lè jogún gbogbo ohun ìní rẹ̀ láìsí pé àwọn mọ̀lẹ́bí ń dà á láàmú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ọmọdébìnrin kan, Dienihatiri, ó sì bí ọmọ mẹ́ta fún wọn, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Nanefer tọ́ wọn dàgbà. Nígbà tó yá, ó dá wọn sílẹ̀, ó sọ wọ́n di ọmọ tirẹ̀, ó fi àbúrò rẹ̀ Padiu tó fẹ́ èyí àgbà nínú àwọn obìnrin náà kún wọn, ó sì pín ogún rẹ̀ fún wọn. Obìnrin kan lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ dáadáa níbí, ó fi ṣe àánú fún ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ni ìwé náà dá sílẹ̀. Orúkọ Dienihatiri tó bí wọn kò sí lára àwọn tó gba òmìnira.